Iye Tí Mo Fi Lé Iṣẹ́ Mi

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Lọ́ńdọ̀n, mo pàdé bàbá òyìnbó kan lórí àtẹ̀gùn ilé tí à ń gbé. Ó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fẹ́ jáde. Ó dàgbà ju bàbá mi lọ, nítorí náà mo fi orúnkún kan kanlẹ̀, mo sì kí i káàárọ̀. Bàbá náà wo ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá nǹkan káàkiri. Ó bi mí pé kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Ojú tì mí láti ṣàlàyé, mo ní yẹtí mi ni. Àwa méjèèjì jọ wá yẹtí tí kò sí, títí ó fi ní òun ń lọ síbi iṣẹ́, tí ó sì bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Ó ṣe dáadáa sí mi, bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà wọ yàrá, mo jókòó sórí ibùsùn, mo sì mọ̀ pé mo ti kúrò nílé lóòótọ́. Ní Erinje tí wọ́n ti bí mi, ènìyàn kò lè ti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń pọn omi láìkí ìdajì àdúgbò. Bí o bá kọjá láìkí ènìyàn, wọn yóò wá sílé wá béèrè bóyá ara rẹ kò yá ni. Ní Lọ́ńdọ̀n, mo lè ti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ ju "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ mí lọ́nà" lọ.

N kò ní sọ bí mo ṣe rí ìwé ìrìnnà gbà tàbí bí mo ṣe wọ bàlúù. Ẹni tó ti ṣe é mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì ṣe é kò pàdánù nǹkan kan. Kí n sáà sọ pé tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Okitipupa, pé ọdún náà wà láàárín àwọn ọdún tí gbogbo ẹni tó bá ní ìbátan lókè òkun ń wá ọ̀nà àtilọ, àti pé Bùrọ̀dá Akin, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

Ènìyàn rere ni Bùrọ̀dá Akin. Òun ló ra ẹ̀wù òtútù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu ohun tí mo máa dà kí n tó dé rárá. Ó bá mi wá iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ọ́fíìsì, ó ní kí n ṣe é fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí n lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Gbogbo àwọn obìnrin wa níbí, nọ́ọ̀sì ni wọ́n," ó ní. "Àìsàn kì í tán nílùú òyìnbó. O kò ní wá iṣẹ́ tì láé."

"Bùrọ̀dá, n kò lè wo ẹ̀jẹ̀."

"Ojú rẹ á gbà á."

Ojú mi kò fẹ́ gbà á. Ohun tí ojú mi gbà ni kọ̀ǹpútà. Ní ilé ìkàwé àdúgbò wa, wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin tí ó ń wá iṣẹ́ ní bí a ṣe ń ṣe ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì. Nǹkan tuntun ni nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbọ́ ọ rí, àwọn tó sì ti gbọ́ ọ rò pé ohun ìṣeré ni. Ọ̀sán ni wọ́n ń kọ́ wa, lẹ́yìn tí mo bá ti gbálẹ̀ tán. Nígbà tí olùkọ́ ní kí olúkúlùkù ṣe ojú ìwé kan, mo kọ ERINJE gàdàgbà, mo fi àwọ̀ ewé ọ̀pẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ náà gbà á wọlé. Kò ní kí n tún un pè, kò bi mí pé ibo nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú náà, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí kò bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Mo kọ́ ọ bí ẹni tí ebi ń pa. Nígbà tí a parí, olùkọ́ wa júwe mi fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó ń ṣe ìkànnì fún àwọn oníṣòwò. Ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ́ Kọ́líìn. Ó gbà mí.

Mo pe ilé lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sí fóònù nílé wa ní Erinje. Ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé, máa ń wọkọ̀ lọ sí Okitipupa lọ́jọ́ Sátidé tí a bá ti fi àdéhùn sí, á jókòó ní ṣọ́ọ̀bù olùtẹ̀wé kan tí ó ní fóònù, á máa retí. Nígbà mìíràn ìlà fóònù á dí, n kò ní rí i bá sọ̀rọ̀, á sì padà sílé láìgbọ́ ohùn mi. Ìyé kò sọ Yorùbá ilé ìwé rí. Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé, ẹ̀ka èdè agbègbè wa, ló ń sọ, bí ó sì ṣe ń sọ ọ́ lórí fóònù yẹn, ó dà bí ẹni pé ó ń bá gbogbo ọjà sọ̀rọ̀.

"Ọma mi, wọ́n ní o ti rí iṣẹ́. Iṣẹ́ kí ni?"

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Mo ní ó dà bí ẹni tí ó ń kun ojú ṣọ́ọ̀bù fún ènìyàn, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù náà kò sí níbì kan.

"Ṣé o ti jẹun?" Ìyé bi mí.

*

Ìpele mẹ́ta ni Kọ́líìn pín iṣẹ́ rẹ̀ sí: bàbà, fàdákà àti wúrà. Ẹni tó bá ra bàbà, ojú ìwé díẹ̀ ló máa gbà. Ti fàdákà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ra wúrà ni wọ́n máa ń pè wá sí ọ́fíìsì, tí wọ́n máa ń po tíì fún, tí wọ́n á jókòó tì í, tí wọ́n á sì máa tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lóòrèkóòrè. Àwa mẹ́rin là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìdí bàbà ni wọ́n fi mí sí. Mo rò pé torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó dé lẹ́yìn mi gba orí mi kọjá lọ sí fàdákà, ọ̀kan sì dé wúrà, èmi ṣì wà ní ìdí bàbà.

Mo lọ bá Kọ́líìn lọ́jọ́ kan, mo béèrè. Kò bínú rárá. Ó fi ẹ̀rín dá mi lóhùn.

"Iṣẹ́ rẹ dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wúrà fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Wọn kò ní gbọ́ ohun tí ò ń sọ dáadáa."

"Ṣé ìwọ gbọ́ ohun tí mo ń sọ báyìí?"

"Mo gbọ́."

"Àwọn náà á gbọ́."

Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní òun á rò ó. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi. Nínú ọkàn mi, mo ń dá a lóhùn ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí n kò lè sọ jáde.

Ohun tó fà á tí mo fi kúrò níbẹ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Dókítà eyín kan wà tí ó ra bàbà. Orí ímeèlì ni èmi àti òun ti ń sọ̀rọ̀, bí mo sì ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú mìíràn, ó sì fẹ́ gba wúrà. Ó pe ọ́fíìsì wa lówúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní èmi ni òun fẹ́ kó ṣe é, ó dárúkọ mi. Àga mi kò jìnnà sí tábìlì Kọ́líìn. Mo gbọ́ orúkọ mi bí Kọ́líìn ṣe ń pè é, tí ó ń gé e sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ó ní, "Ó dùn mí, obìnrin yẹn ti kúrò lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n a ní ẹlòmíràn tó dára."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí ó gbójú sókè, èmi ni ojú rẹ̀ bá.

Mo pa kọ̀ǹpútà mi. Mo mú ẹ̀wù òtútù mi lára àga, mo fi ife tí mo fi ń mu tíì sínú àpò mi, torí pé èmi ni mo rà á.

"Níbo lò ń lọ?" Kọ́líìn bi mí.

"O ti sọ fún dókítà pé mo ti kúrò," mo ní. "N kò fẹ́ kí o di onírọ́."

Mo jáde. Òjò ń rọ̀, irú òjò tinrín tí wọ́n ní níbẹ̀ yẹn, tí kì í fẹ́ rọ̀ tán. Mo rìn títí dé ilé. N kò sunkún. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

*

Bùrọ̀dá Akin kò rí ohun tó dùn níbẹ̀. Ó ní ẹni tó wà nílẹ̀ àjèjì kì í fi ìbínú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí n padà lọ bẹ ọ̀gá mi. Mo ní n kò lọ. Ó ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀. Mo ní mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo padà sídìí gbígbálẹ̀ láràárọ̀, mo gba yàrá kan fún ara mi lókè ilé oúnjẹ kan, mo fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan sórí tábìlì ibẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tèmi.

Ìpele mẹ́ta ni èmi náà pín in sí. Mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀ kí n tó ṣe é, torí pé mo ti rí bí Kọ́líìn ṣe ń lò ó. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tó ra bàbà ti ra iṣẹ́ wúruwùru. Wọ́n á sáré ṣe é, wọ́n á jù ú sí i. Èmi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń ta epo pupa ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹlòmíràn á ra ìgò kan, ẹlòmíràn á ra gálọ́ọ̀nù, ẹlòmíràn á gbé kẹ́ẹ̀gì ńlá lọ, ibì kan náà sì ni wọ́n ti fún epo náà. Bí Ìyé bá da omi sí ti onígò, ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ohun tó yàtọ̀ nínú ìpele mi ni bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó àti bí mo ṣe máa dúró ti oníbàárà pẹ́ tó. Bí mo ṣe máa ṣe é dáadáa kò yàtọ̀. Mo pè wọ́n ní kékeré, àárín àti ńlá. N kò fẹ́ fi orúkọ wúrà dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Iye tí mo fi lé ńlá kò kéré. Ohun tí Kọ́líìn ń gbà lórí wúrà ni mo ní màá gbà.

Nígbà tí Bùrọ̀dá Akin rí i, ó fọwọ́ sórí. "Ta ló máa san èyí fún ọ? Yọ ọ́ kúrò. Ó máa lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn."

"Bí mo bá yọ ọ́, Bùrọ̀dá, wọ́n á rò pé ibi tí àárín parí sí ni agbára mi parí sí."

"Kò sẹ́ni tó máa rà á."

"Kó wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó rà á, nígbà náà."

Ó wà níbẹ̀ pẹ́ láìsí ẹni tó rà á. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ni obìnrin ará Jàmáíkà kan, Míìsì Péàlì, tí ó ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó. Kékeré ló mú. Mo lọ sílé rẹ̀, mo ya fọ́tò àwọn kéèkì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, mo ṣe ojú ìwé rẹ̀ bí ẹni pé ọba ló ń bọ̀ wá wò ó. Ó wò ó títí, ó sì gé kéèkì fún mi gbé lọ sílé. Ọkùnrin tó ń kọ́ni ní ọkọ̀ wíwà tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin tó ń ran aṣọ fèrèsé. Gbogbo wọn, kékeré ni. Láàárọ̀ mò ń gbálẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, lọ́sàn-án mo ń kọ́ ilé sórí afẹ́fẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn, lójoojúmọ́ sì ni iye iṣẹ́ ńlá yẹn ń wò mí lójú.

Ohun tí ó le jù nínú ìgbà náà kì í ṣe àárẹ̀. Ohun tó le jù ni pé kò sí ẹni tó rí mi. Bí mo bá jí, kò sí ẹni tí ó máa bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Nílé, àwọn ènìyàn a máa sú mi; wọ́n á wọlé láìkanlẹ̀kùn, wọ́n á bi mí ní ìgbà tí mo máa lọ́kọ. Mo ti rò pé bí mo bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, ara máa tù mí. Ó sì tù mí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí mo mọ̀ nípa ara mi, ẹnu wọn ni mo ti ń gbọ́ ọ. Níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ ọ́, ìwọ fúnra rẹ ni o máa sọ ẹni tí o jẹ́, o sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sókè, torí pé bí o bá dákẹ́, ẹlòmíràn á bá ọ sọ ọ́, á sì sọ ọ́ ní iye tó kéré.

Ẹni tó kọ́kọ́ ra ńlá ni agbẹjọ́rò kan, ọmọ Gánà, tí Míìsì Péàlì ṣe kéèkì fún. Ó wá sí yàrá mi pẹ̀lú kóòtù dúdú rẹ̀, ó jókòó, ó wo àwọn iye náà.

"Bí mo bá san ti kékeré ńkọ́, kí o wá ṣe ti ńlá fún mi? A kúkú jọ jẹ́ ará Áfíríkà."

"Màá ṣe ti kékeré fún yín, sà. Á sì dára."

Ó wò mí, ó tún wo ara ògiri tó ti ń ṣí. "Ṣé o kò ní yí ohùn padà?"

"Rárá, sà."

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀. "Ó dáa. Agbẹjọ́rò ni mí. Bí o bá ti tètè yí ohùn padà, ǹ bá ti lọ," ó ní, ó sì mú ńlá.

Lẹ́yìn tó lọ, mo lọ sí ọjà, mo ra ẹja tútù ńlá kan tí n kò lè jẹ tán, mo sè é pẹ̀lú ata bí wọ́n ṣe ń se é nílé, èmi nìkan jókòó tì í, mo jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń ṣe ọdún.

*

Àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀n. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Bùrọ̀dá Akin ló kọ́kọ́ mú mi lọ. Bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ yẹn, tí mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi Ìkálẹ̀ jà lórí ibi tí wọ́n máa to àga sí, mo jókòó sórí àga àkọ́kọ́ tí mo rí, mo ń gbọ́ wọn. Láti ìgbà náà, n kì í pa á jẹ. Wọ́n máa ń gbé púpurú, oúnjẹ ilé wa tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, wá, èyí tí ẹnì kan ti fi sínú ẹrù láti ilé. A máa ń pín in bí oúnjẹ Olúwa.

Ẹni tó jẹ́ alága wọn jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Ìkọ̀yà, tí ó ti pẹ́ nílùú òyìnbó kí wọ́n tó bí mi. Bàbá Alága ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn àdúrà, ó dìde.

"A ti gbọ́ pé ọmọ wa kan níbí mọ iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì," ó ní. "Àwọn ẹgbẹ́ ìlú mìíràn ti ní ìkànnì. Àwa náà fẹ́ ní. Akin sì ti sọ fún mi pé àbúrò òun máa ṣe é fún wa lọ́fẹ̀ẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wo Bùrọ̀dá Akin, ó wo bàtà rẹ̀. Kò bá mi sọ ọ́ rí.

Mo rìn síwájú, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá, tí ẹ rántí mi. Màá ṣe é, á sì dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni. Ìpele mẹ́ta ló wà, ẹ lè mú èyí tó bá wù yín nínú wọn."

Bàbá Alága padà jókòó.

"Ṣé àwa ni o ń dá iye lé?" Bàbá Alága bi mí.

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ọmọ tó bá ń ta ọjà fún bàbá rẹ̀, kí ni à ń pè é?"

"Ọlọ́jà ni, sà. Ìyá mi ń ta epo. Bí bàbá mi bá fẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì kan lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó máa ń sanwó."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ́rìn-ín. Bàbá Alága kò rẹ́rìn-ín.

"O ti di òyìnbó," ó ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ohun tí Kọ́líìn sọ lọ. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo fi dá a lóhùn.

"Bàbá, òyìnbó tí mo bá ṣiṣẹ́ ní kí n dúró nísàlẹ̀ torí pé àlejò ni mí. Ẹ̀yin ní kí n ṣe é lásán torí pé ọmọ yín ni mí. Tí àlejò kò bá níye lórí, tí ọmọ kò sì níye lórí, kí ni kí n dà kí iṣẹ́ mi tó níye?"

Akọ̀wé ní kí a kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Nínú ọkọ̀, Bùrọ̀dá Akin kò bá mi sọ̀rọ̀ títí tí a fi dé iwájú ilé mi. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó ní, "O kàn mí lábùkù."

"Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fi ohun tí kì í ṣe tiyín tọrẹ."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ́ kí n mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí. Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, n kò gbọ́ àfi lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé, ẹni tí mo jókòó tì rora sún àga rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ àwọn òyìnbó ti mọ́ mi lára nígbà yẹn. Ti àwọn ènìyàn mi kò mọ́ mi lára. Lọ́jọ́ mìíràn màá di fóònù mú láti pe Bàbá Alága kí n ní ó ti tó, kí n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sáà máa kí mi. Màá tún gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé Erinje kí n tó pe ilé. Bí Ìyé ṣe gbọ́ ohùn mi, kò kí mi rárá.

"Wọ́n ní o dá iye lé àwọn bàbá rẹ lójú agbo."

"Òótọ́ ni, Ìyé."

"Ṣé orí ìdúró lo wà?"

"Mo kúnlẹ̀."

"O kúnlẹ̀?"

"Mo kúnlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Okitipupa.

"Kí ló wá kù tí wọ́n ń bínú sí?" ó ní. "Padà lọ sí ìpàdé wọn. Má dúró sílé. Bí wọn kò bá kí ọ, ìwọ kí wọn."

Mo padà lọ. Mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí àga àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, mo ń kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà. Ẹni tó bá dáhùn, mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹni tí kò bá dáhùn, mo tún kí i. Mo ń san owó ẹgbẹ́ mi, mo ń jẹ púpurú mi, n kò sì yí iye mi padà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Bàbá Alága ni, Bùrọ̀dá Akin wà lẹ́yìn rẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé mi ga, bàbá náà ń mí fín-ín-fín-ín. Mo gbé àga fún un, mo fún un lómi.

"A rí ẹnì kan tó ní òun máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́," ó ní nígbà tí ó mu omi tán.

"Ó dára, sà."

"Ó ń ṣe é láti ìgbà náà. Ó ṣì ń ṣe é." Ó gbé ife sílẹ̀. "Ṣàlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi, kí n gbọ́."

Mo ṣàlàyé. Ó béèrè ohun púpọ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ìbéèrè tó mọ́gbọ́n wá. Ó rò ó títí.

"A máa mú àárín," ó ní. "A kì í ṣe ẹni tí à ń fi kékeré hàn. Ṣùgbọ́n ńlá yẹn, kí o fi sílẹ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò."

Bùrọ̀dá Akin bú sẹ́rìn-ín, bí a ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kò bẹ̀ mí, èmi náà kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ní kí n bá òun sọ̀kalẹ̀ wá gbé iṣu kan nínú ọkọ̀.

*

Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ ká. Wọ́n fẹ́ kí n to orúkọ àwọn ìlú Ìkálẹ̀ síbẹ̀, kí abẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní àyè tí àwọn ọmọ rẹ̀ á ti máa forúkọ sílẹ̀. Èwo ló máa ṣíwájú? Àwọn ará Ìkọ̀yà ní àwọn dàgbà jù. Àwọn ti Okitipupa ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ìjọba wà. Wọ́n bá ara wọn jà láti ọ̀sán títí tí olùtọ́jú gbọ̀ngàn fi wá ń pa iná. Mo tò ó bí a-b-d. Àjàgbà ló ṣíwájú. Bàbá Alága wò ó, ó ní ẹni tó ṣe a-b-d yìí, ará Àjàgbà ni.

Nígbà tí a ṣí i, ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹnì kan láti Amẹ́ríkà ń wá ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ẹnì kan ní a ṣi orúkọ ìlú òun kọ. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, ìwé kan wọlé láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ẹja ní òkè pátápátá ní Nọ́wè, níbi tí ó ní oòrùn kì í yọ nígbà òtútù. Ìkálẹ̀ ló fi kọ ọ́, ó ń kọ ọ́ bí ó ṣe ń ró létí rẹ̀. Ó ní ọma Àjàgbà ni òun. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀, òun kò gbọ́ Ìkálẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, òun nìkan ló ń bá ara òun sọ ọ́ bí òun bá ń wẹ̀, ẹ̀rù sì ti ń ba òun pé òun ti ń ṣì í sọ. Bí òun ṣe ṣí ìkànnì náà, tí òun rí orúkọ ìlú òun lókè pátápátá, òun dìde dúró.

Ní ìparí, ó kọ ọ́ pé: "Mo fẹ́ kí ẹ fi orúkọ mi sí abẹ́ Àjàgbà. Èèló ni ẹ ń gbà? Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni, n kò fẹ́ kí ẹ ṣe é lásán."

Mo ka ìlà yẹn, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ni mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, gbangba, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, mo sì fi Ìkálẹ̀ dá a lóhùn. Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Mo ní kí ó má dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́, wọn kò mọ̀ sí i. Èmi ni mo ni iṣẹ́ mi, èmi ni mo sì sọ pé ọ̀fẹ́ ni.